Nípa Oúnjẹ àti Ìtọ́jú Ọmọ Ológbò

Kò sí ẹni tí ó ń gbé inú ọgbà yìí tí kò mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ èkúté ní sáà tí ó kọjá. Wọ́n jẹ gàrí inú àpótí, wọ́n jẹ ọṣẹ, wọ́n jẹ ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n sì jẹ àwòrán màlúù tí ọ̀kan nínú wa fi ọjọ́ mẹ́rin yà fún ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé níwájú olùdánwò, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwo àti ẹsẹ̀ kan péré ni ó kù lára màlúù náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Àwọn àgbà wí pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Nítorí náà ni àwa mẹ́fà tí a jọ ń gbé yàrá kan fi dá owó jọ, tí a sì ra ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ ìyá aláta kan ní ọjà. Dúdú ni, ó ní funfun díẹ̀ ní ọ̀fun, a sì sọ ọ́ ní Ọdẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ọdẹ lò lọ́dọ̀ wa kí ó tó kú.

A kì yóò fi bò pé ọwọ́ wa ni ó kú sí. A kò lù ú, a kò sì fi ebi pa á; oúnjẹ tí a fún un ni ó pa á. Ní òwúrọ̀ a ń fún un ní ẹ̀kọ mímu tí a da wàrà inú agolo sí. Ní ọ̀sán a ń fún un ní èbà tí a fi ọbẹ̀ rin. Ní alẹ́, ẹnikẹ́ni tí àánú rẹ̀ bá ṣe ni ó ń já àkàrà sí i lẹ́nu. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. A rò pé ebi ni, a sì bu wàrà kún wàrà. A rí i pé ara rẹ̀ dọ̀tí, a sì wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Bí a ti ń ṣe aájò tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbẹ, títí ó fi kú ní òru nínú páálí bàtà tí a tẹ́ aṣọ sí fún un. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ wa kan bi wá léèrè pé, “Kí ni ológbò ń jẹ?” Àwa mẹ́fà tí a ó rán jáde láìpẹ́ láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ wo ara wa lójú, a kò sì rí èsì fún un ju “èkúté” lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí. A lọ bá dókítà ẹranko, a ka ìwé, a sì bi àwọn ìyá tí ó ti ń sin ológbò láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá aláta náà ti fún wa ní òmíràn láìgba kọ́bọ̀, àwọn aláwàdà inú wa sì ti sọ ọ́ ní orúkọ àbíkú, Dúrójayé. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ là yé yín níhìn-ín, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ti ń pinnu láti mú ọ̀kan wọ ilé tí ẹ ó máa gbé nígbà tí ẹ bá di olùkọ́.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé èsì tí a fi fún olùkọ́ wa kò burú. Àwa ni a kò ronú lé e lórí. Èkúté ni ológbò ń jẹ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lára èkúté kan. Omi ni ó pọ̀ jù, ó tó ìdá 70 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn omi, ẹran ni, lẹ́yìn náà ọ̀rá díẹ̀, egungun wẹ́wẹ́ tí ológbò ń rún mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ kín-ń-kín àti ọkàn. Àgbàdo tàbí gbágùúdá tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba tí èkúté náà jí jẹ kí a tó pa á. Oúnjẹ ológbò nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ń fún un ní ohun mìíràn, ohun náà gbọ́dọ̀ jọ èkúté; bí ó ti jìnnà sí èkúté tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpalára rẹ̀ yóò pọ̀ tó.

Ológbò kì í ṣe ènìyàn kékeré, kì í sì í ṣe ajá. Ajá lè jẹ ẹran, ó lè jẹ àjẹkù iyán, kí ara rẹ̀ sì le. Ìbátan ẹkùn àti kìnnìún ni ológbò. Ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹranko tí ń fi eku, ẹyẹ àti alángbá ṣe oúnjẹ, ni baba ńlá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni irú rẹ̀ ti ń bá ènìyàn gbé, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò tíì di ikùn ènìyàn. Àní ahọ́n rẹ̀ pàápàá kò mọ adùn. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tí ó ń jẹ́ kí ahọ́n àwa ènìyàn mọ adùn ṣúgà ti bàjẹ́ lára ológbò àti lára àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ṣúgà rẹ̀ ṣe ológbò lóore, òfo ni ó ń ṣe. Ó sàn kí ó fún wa.

Nínú ẹran ni èròjà kan wà tí a ń pè ní taurine. Ara àwa ènìyàn lè pèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ara ológbò kò lè pèsè rẹ̀ tó; inú ẹran tí ó bá jẹ ni ó ti ń rí i. Kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú gbágùúdá, kò sí nínú ẹ̀wà. Ológbò tí kò bá rí i jẹ yóò máa fọ́jú díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa wú, yóò sì di aláìlágbára. Ní ọdún 1975 ni a mọ ti ojú. Ní ọdún 1987 ni Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó èròjà yìí ni ó ń fa irú àìsàn ọkàn kan tí ó ń pa àwọn ológbò tí ń jẹ oúnjẹ ológbò tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n fi taurine kún oúnjẹ àwọn aláìsàn náà, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò, àwọn tí ń ṣe oúnjẹ ológbò sì fi kún ìwọ̀n tí wọ́n ń dà sí i. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ pò fún ológbò, kí ni a ó wá wí nípa èbà?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn fítámì A. Àwa a máa rí i nínú epo pupa, nítorí ara wa lè sọ ohun tí ó mú epo náà pupa di fítámì náà. Ara ológbò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ lè fi epo pupa kun ẹnu rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní ṣe é ní àǹfààní tí ó ń ṣe fún wa. Inú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin ni òun ti ń rí tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn wàrà. Kò sí ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ tó pé wàrà ni oúnjẹ ọmọ ológbò, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn ọmọdé: ológbò níwájú àwo wàrà. Wàrà ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ lóòótọ́ títí ó fi tó bí ọ̀sẹ̀ 4. Láti ìgbà tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já a lẹ́nu ọmú, agbára tí ikùn rẹ̀ fi ń da ṣúgà inú wàrà a máa dín kù. Bí a bá wá fún un ní wàrà màlúù, ṣúgà náà kò ní dà. Yóò lọ jókòó sínú ìfun, yóò máa fa omi ara sọ́dọ̀ ara rẹ̀, yóò sì di ìgbẹ́ gbuuru. Àgbàlagbà ológbò lè ṣu ú kí ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ ológbò tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò kan kò ní omi púpọ̀ lára tí yóò fi ṣòfò. Ọjọ́ méjì tó láti gbẹ ẹ́ pa. Ohun tí ó ṣe Ọdẹ nìyẹn. Omi lásán, tí ó mọ́, tí a ń pààrọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ni ohun mímu ọmọ ológbò, kí a sì gbé e sínú àwo pẹrẹsẹ kí irun imú rẹ̀ má baà máa gún etí àwo. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọmọ ológbò tí kò ní ìyá, tí kò sì tíì tó ọ̀sẹ̀ 4, kí ó má ṣe dá ara rẹ̀ gbọ́n. Wàrà tí a pò fún ọmọ ológbò wà lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ìdojúbolẹ̀ ni kí ó gbé e nígbà tí ó bá ń fún un mu, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Bí a bá dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, wàrà lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Kí ni a ó wá fún un jẹ? Fún ẹni tí owó rẹ̀ ká a, oúnjẹ gbígbẹ tàbí ti inú agolo tí a kọ sí lára pé oúnjẹ pípé fún ọmọ ológbò ni ó rọrùn jù. Kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó. Oúnjẹ ajá kò lè dípò rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó pò ó láti ro ti ológbò. Oúnjẹ àgbà ológbò náà kò tó fún èyí tí ń dàgbà. Ẹ má sì ṣe ra èyí tí ẹni tí ó ń tà á tú sínú ọ̀rá láìsí orúkọ tàbí ọjọ́ lára rẹ̀, nítorí a kò lè mọ ìgbà tí a tú u. Oúnjẹ gbígbẹ kò ní ju omi díẹ̀ nínú, bí ìdá 10 nínú 100, a sì ti rí i pé èkúté ní 70. Ológbò kì í mu omi púpọ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn baba rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, a máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ gbígbẹ fún Dúrójayé, ó sì ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, ẹ sì mọ bí àpò wa ti rí. Ìwọ̀nba tí a lè rà kì í dé òpin oṣù. Ohun tí a fi ń dí àlàfo rẹ̀ ni èyí: nígbà tí wọ́n bá ń se ẹran tàbí ẹja nínú ilé ìdáná wa, a bẹ alásè kí ó bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó da iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí i. Iwe adìẹ, ọkàn adìẹ, ẹran ìdí itan, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí dára. A ń gé e wẹ́wẹ́, a sì ń da omi tí a fi sè é lé e lórí, nítorí taurine a máa ṣàn jáde kúrò lára ẹran sínú omi náà. Ẹni tí ó bá da omi ẹran nù ti da ohun rere nù. Ẹja yíyan ni kí a kọ́kọ́ rẹ sínú omi gbígbóná kí iyọ̀ rẹ̀ lè jáde. Ẹyin sísè kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú.

Níhìn-ín ni ibi tí àwọn olóore mìíràn ti ń ṣubú. Wọ́n gbọ́ pé ẹran ni ológbò ń jẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹran nìkan lójoojúmọ́. Ẹ rántí èkúté. Èkúté ní egungun, ẹran ọjà kò ní. Ọmọ ológbò tí ń jẹ ẹran lásán kò ní rí ohun tí yóò fi kọ́ egungun ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, egungun rẹ̀ yóò sì máa kán nígbà tí ó bá fò láti orí tábìlì. A kò gbọdọ̀ sì torí èyí fún un ní egungun adìẹ sísè, nítorí iná ti jẹ́ kí ó gbẹ, ó ń là bí abẹ́rẹ́, ó sì lè gún un ní ọ̀fun tàbí ní ìfun. Èèpo ẹyin tí a fọ̀, tí a sá gbẹ, tí a sì gún kúná bí àtíkè, ni dókítà ní kí a máa bu wọ́n ọn. Òun ni ó sì wọn iye rẹ̀ fún wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú: kín-ń-kín ni ẹ̀dọ̀ èkúté. Ológbò fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, fítámì A yóò pọ̀ jù lára rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ yóò sì le gan-an títí kò fi ní lè yí orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tó. Ẹja tútù tí a kò sè náà kò dára láti máa fún un nígbà gbogbo, nítorí nínú àwọn ẹja kan ni ohun kan wà tí ń pa fítámì B1 run. Iná ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Àlùbọ́sà àti aáyù jẹ́ májèlé fún ológbò, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ sísè, ìbáà jẹ́ lílọ̀ gbígbẹ. Wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọbẹ̀ wo ni a ń sè ní ilẹ̀ yìí tí kò ní àlùbọ́sà? Nítorí náà ni a fi pa á láṣẹ nínú yàrá wa pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fún Dúrójayé ní ọbẹ̀, bí ó ti wù kí ó ké tó. Ṣokoléètì pẹ̀lú kò yẹ ẹ́.

Ikùn ọmọ ológbò kéré, iṣẹ́ ìdàgbàsókè rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè ni oúnjẹ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ títí yóò fi tó oṣù 4, ẹ̀ẹ̀mẹta títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa ń tẹ̀lé agogo: kí a tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀, ní ìsinmi ọ̀sán, lẹ́yìn eré ìdárayá, àti kí iná tó kú. Àjẹkù tí kò bá jẹ tán láàárín wákàtí kan ni a ń kó dànù, nítorí ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ẹran pẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ ni òṣùwọ̀n. Bí 100 gíráàmù ni ọmọ ológbò ń wọ̀n nígbà tí a bá bí i, ó sì yẹ kí ó máa fi bí 100 kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n alásè ni a ń yá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró tàbí tí ó bá rẹlẹ̀, tàbí tí kò bá jẹun rárá ní odindi ọjọ́ kan, kí a má ṣe dúró de ọ̀la kí a tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Èkúté ni a tìtorí rẹ̀ rà á, bí a bá bọ́ ọ yó, ṣé yóò tún pa èkúté?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ebi pa ológbò nítorí èrò yìí. Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe ọ̀ràn ebi nìkan fún ológbò. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ológbò tí ó yó a sì máa dọdẹ síbẹ̀. Èyí tí ebi ń pa ni kò ní agbára láti dúró lẹ́nu ihò di òru, òun náà ni ó sì ń di olè nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ retí iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8. Ó di ìgbà tí ó bá dàgbà díẹ̀. Nígbà tí ó bá wá pa èkúté, kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú rẹ̀, nítorí oríṣi eku kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Ológbò kò dí wa lọ́wọ́ láti máa dé gàrí wa.

Ọmọ ológbò kò yẹ ní ẹni tí a ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Kì í ṣe ọmú nìkan ni ó ń gbà lọ́dọ̀ ìyá. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń ṣe eré láìbu ẹlẹgbẹ́ ẹni jẹ. Nígbà tí a bá ń yàn án, kí ojú rẹ̀ mọ́ láìní ipin, kí imú rẹ̀ má máa ṣàn, kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí ó sì lè sáré tẹ̀lé okùn tí a bá ń fà nílẹ̀. A fẹ́ràn Ọdẹ nítorí pé ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí a gbé e. A kò mọ̀ pé àárẹ̀ ni.

Bí a bá mú un délé, àṣà burúkú kan wà tí a rí ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àti ilé: wọn a fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ní ọrùn kí ó má baà sá lọ. Ọmọ ológbò tí ń gun nǹkan lè fi okùn náà pokùnso. Ó dára jù kí a tì í mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, títí yóò fi mọ òórùn ilé àti ohùn ẹni tí ń bọ́ ọ. Kí a tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú páálí fún un, nítorí òtútù tètè ń mú un, kí a má sì ṣe wẹ̀ ẹ́; ahọ́n rẹ̀ ni kànrìnkàn rẹ̀. Bí nǹkan bá yí i lára, aṣọ tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ni kí a fi nù ún, kí a sì nù ún gbẹ. Nípa ìgbẹ́, ológbò kò ni wá lára: àpótí pẹrẹsẹ tí a bu iyanrìn gbígbẹ sí, ní igun tí ó jìnnà sí àwo oúnjẹ rẹ̀, ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a gbé Dúrójayé sínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ tí ó fi mọ̀ ọ́n. A ti mọ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tí kò yára tó bẹ́ẹ̀.

A gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí oògùn, nítorí níhìn-ín ni ikú pọ̀ sí. Bí ara ológbò bá gbóná, tí ẹnìkan sì fọ́ panadó sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ara wa, ó ti pa á. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú oògùn yìí ká. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dúdú, erìgì rẹ̀ yóò di bí aró, ojú rẹ̀ yóò wú, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa á. Oògùn eégbọn tí a pò fún ajá pẹ̀lú a máa pa ológbò, bí èròjà permethrin bá wà nínú rẹ̀. Ní ti ọta-pia-pia àti oògùn èkúté, ẹni tí ó bá ń lò wọ́n nínú ilé kò gbọdọ̀ mú ológbò wọ ibẹ̀, nítorí èkúté tí ó jẹ májèlé kì í lè sáré mọ́, òun gan-an sì ni ọmọ ológbò yóò kọ́kọ́ rí mú. Yàrá tí ó kángun sí tiwa fọ́n oògùn ní ọ̀sẹ̀ tí a gba Dúrójayé. A lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn títí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ń bójú tó ilé wa kí wọ́n tó gbà láti gbá a dànù. A mọ̀ pé inú wọn kò tíì dùn sí wa.

Aràn wà nínú ikùn ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò láti inú wàrà ìyá wọn, nítorí náà ikùn tí ó yọ bí ìlù kì í ṣe àmì àjẹyó. Dókítà ni yóò fún un ní oògùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ìgbà tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 3 títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré ni ti dìgbòlugi, tí a ń gún fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, tí a sì ń tún gún lẹ́yìn ọdún kan. Ajá ni ó ń kó àìsàn yìí ran ènìyàn ní ìgbà 99 nínú 100, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè kó o. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 9 kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni a ti mọ̀ pé a lè dá ẹni tí a bù jẹ nídè bí a bá tètè gbé ìgbésẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àmì àìsàn bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àsálà mọ́. Bí ológbò tàbí ajá tí a kò mọ̀ bá bu ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ní Vom lẹ́bàá Jos ni ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko ti wà láti ọdún 1924, a sì ń ṣe abẹ́rẹ́ fún ẹranko níbẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi máa wí pé ohun òyìnbó tí kò lè tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un fún àwọn olùkọ́ wa tí ó ní aya: aboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ó lè ba oyún jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kòkòrò náà tó lè ran ènìyàn, nítorí náà bí ẹlòmíràn bá ń kó o lójoojúmọ́, tí ó sì ń fọ ọwọ́, ewu rẹ̀ dín kù púpọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa méjì kò fẹ́ kí Dúrójayé wọ yàrá wọn títí di òní, wọ́n ní ẹran àjẹ́ ni ológbò, wọ́n ní ojú rẹ̀ ń tàn ní òru. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyin ojú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lẹ́yìn ojú màlúù àti àgùntàn, kò sì sí ẹni tí ń pe àgùntàn ní àjẹ́. A ti wí èyí fún wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, èkejì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rí i ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó yọ egungun kúrò lára ẹja tirẹ̀, tí ó sì gbé ẹran rẹ̀ sí etí ilẹ̀kùn wa.

Dúrójayé ti pé ọ̀sẹ̀ 11 nísinsìnyí, ó sì wọ̀n gíráàmù 1,150 ní Sátidé tí ó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni a ó mú un lọ fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi; owó rẹ̀ ku díẹ̀, a sì ti fi àpótí kékeré sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí ó ń dà wá láàmú jù ni àkókò ìsinmi, nígbà tí gbogbo wa yóò lọ sílé. Ìyàwó alásè ti gbà láti máa bọ́ ọ, a sì ti kọ gbogbo ohun tí ó wà lókè yìí sínú bébà kan, ní lẹ́tà ńlá, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ nípa àlùbọ́sà ni a fi yíǹkì pupa kọ.